Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Gba Orúkọ Gbọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, ilé ni ó yẹ kí á wò kí á tó gba orúkọ gbọ́.

Ará Johannesburg mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2019, àwọn ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti àkójọ ìsọfúnni City Power pa, ilé-iṣẹ́ tí ó ń pín iná mànàmáná fún ìlú náà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tí ń sanwó ṣáájú kò rí iná rà. Irú ìrírí bẹ́ẹ̀ a máa kọ́ ènìyàn ní ìfura. Ẹni tí ó bá rí audiodg.exe láàrin àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú Windows lè rò pé olè ti wọlé.

Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni audiodg.exe. Láti ìgbà Windows Vista, tí ó dé ọjà ní ọdún 2007, ọwọ́ rẹ̀ ni ìró oríṣiríṣi ti ń pàdé kí wọ́n tó dé sípíkà. Microsoft yà á sọ́tọ̀ kí àléébù inú àfikún ohùn tí àwọn ẹlòmíràn ṣe má baà kó bá ìyókù. Ẹni tí ó bá fi ìbẹ̀rù pa á rẹ́ yóò sọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ di odi.

Ayédèrú rẹ̀ ni ewu. Àmì kékeré ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ọ̀daràn náà mọ ọgbọ́n yìí. Wọ́n lè fi òdo rọ́pò lẹ́tà o, wọ́n sì lè jí orúkọ náà lò bí ó ṣe wà. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ orúkọ náà nínú Task Manager, kí ẹ yan “Open file location”. C:\Windows\System32 ni ilé ojúlówó. Èyí tí ẹ bá bá nínú Downloads, àlejò afurasí ni.

Ilé nìkan kò tó, nítorí olè a máa sá pamọ́ sínú ilé onílé. Àṣẹ sfc /scannow a máa yẹ àwọn fáìlì Windows wò, a sì máa fi ojúlówó rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́. Microsoft Defender a máa wá fáírọ́ọ̀sì.

Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Johannesburg, tí ohùn òbí rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí ó bá gba gbogbo orúkọ gbọ́, ó lè pàdánù ohùn náà. Bí ó bá fura sí gbogbo orúkọ, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tí ó fi ń gbọ́ ọ jẹ́.