Bí Oko Olóyè Olúwa Ṣe Di Èbúté: Ìrìnàjò Mi sí Àpápá

Láti Ìbàdàn títí dé Ìjọ́rà kò sí ohun tí ojú mi rí tí ó tó ròyìn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti yà sí ìhà Àpápá, tí àwọn tírélà àti táńkà tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láìlópin, tí àwọn awakọ̀ ń fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń dáná lábẹ́ ẹrù tí ó yẹ kí ó ti dé Kánò, ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Èbúté tí ó ń bọ́ orílẹ̀-èdè tí ó tóbi tó báyìí, ó yẹ kí ọ̀nà rẹ̀ sàn ju èyí lọ, ìtìjú gbogbo wa sì ni.

Kì í ṣe ẹrù ni mo wá gbà. Ilẹ̀ ni mo wá wò. Kí kéréènì tó máa na apá sókè lórí omi níbẹ̀, oko ni gbogbo rẹ̀, oko ẹbí Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ onífìlà funfun, irú-ọmọ Ọlọ́fin tí ó pín ilẹ̀ Èkó fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn tí ó jẹ́ pé ààfin ọba Èkó, Ìgà Ìdúngànrán, pàápàá, lórí oko ata Arómirẹ́, ọ̀kan nínú wọn, ni a kọ́ ọ sí. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ a tọrọ lọ́wọ́ ẹbí, a kọ́ abà, a gbin ẹ̀gẹ́, a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ owó, wọ́n ní olóyè kì í ṣe onílẹ̀, alábòójútó lásán ni. Ilé ẹjọ́ Èkó sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Olóyè Olúwa ìgbà náà, Àmọ́dù Tìjánì, kọ̀ jálẹ̀. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun àti Herbert Macaulay akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ní Plymouth, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ ọba Èkó, Elékòó Èṣùgbàyí, lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì: ẹbí àti àwùjọ ni ó ni ilẹ̀, owó onílẹ̀ pérépéré ni ó sì tọ́ sí wọn. £22,500 ni ìjọba san níkẹyìn. Ní ọdún 1921 kan náà ni iṣẹ́ èbúté bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì fi di 1926, ọkọ̀ òkun mẹ́rin ti lè gúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbogbo èyí ni mo gbé sórí wá, ṣùgbọ́n lẹ́bàá Wharf Road kò sí ẹni tí mo bi léèrè tí ó mọ̀ pé oko ti wà níbẹ̀ rí. Ọmọkùnrin kan tí ń ta omi tútù ni ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ bá ìyá ìyá òun ní Ajégúnlẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó mú mi kọjá Boundary, láàárín Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ̀ àti Úròbò tí wọ́n ń gbé pọ̀ nínú ọ̀gbà kan ṣoṣo, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè. “Jẹun ná, ọmọ mi. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.” Ẹ̀bà ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ òbòkún tí ata rẹ̀ mú ojú mi là, mo ti jẹun nílé àwọn ọlọ́rọ̀ rí, a kò fi ọ̀yàyà tó báyìí gbé e síwájú mi. Nígbà tí mo fọwọ́ tán ni ó tó sọ̀rọ̀.

Abà bàbá bàbá rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ yẹn: ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́ta, imọ̀ ọ̀pẹ lórí, ojú rẹ̀ sí ọ̀sà. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, bàbá náà a di ẹrù iṣu, a mú orógbó àti ọtí, a sì lọ kí onílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé onílẹ̀ kò ní iṣu nílé, bí kò ṣe pé ẹni tí ó ń jẹun lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé abà ni wọ́n rì ìwọ́ bàbá ìyá àgbà náà mọ́, tí wọ́n sì gbin àgbọn lé e lórí.

“Wọ́n san owó ilẹ̀ fún onílẹ̀,” ni ìyá náà wí, “ó sì tọ́, torí òun ni ó ni í. Ta ni ó san owó àgbọn bàbá mi?”

N kò rí èsì fọ̀. Bí mo ṣe padà dé Ìbàdàn kò ṣe pàtàkì, nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ń rò lọ́nà, mo sì rántí pé òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ṣe ní 1978 ti yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Òfin yẹn fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ lónìí, ilé àti ohun ọ̀gbìn ni yóò sanwó fún, owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ju owó ìyálò tí a san lórí rẹ̀ ní ọdún náà lọ. Bí ó bá jẹ́ lónìí ni, ìyá yìí ì bá gba owó àgbọn, Olóyè Olúwa tí ó tìtorí ilẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ni ọwọ́ rẹ̀ ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo bẹ àwọn aṣòfin wa kí wọ́n tún òfin náà gbé yẹ̀ wò, kí owó ilẹ̀ àti owó àgbọn lè wà nínú ìwé kan náà.