Láti Alief dé Dallas: Ohun tí Mítà Rẹ̀wáyà Rí Nínú Píkọ́ọ̀pù Tuntun

Ìkómọ là ń lọ ṣe ní Dallas. Àbúrò ìyàwó mi ló bí ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì bọ́ sí Sátidé kan nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi ti ṣáájú wa lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la kó ẹrù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù mi: kúlà ẹran díndín, kúlà ìrẹsì, ìkòkò ọbẹ̀, oyin, orógbó, ataare, páálí omi lórí páálí omi. Láti Alief, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní Houston, dé Dallas tó nǹkan bí 240 máìlì lórí títì márosẹ̀ I-45. Àfẹ̀mọ́júmọ́ la gbéra, torí ẹni tó bá gbé ẹran dání kì í bá oòrùn Texas ṣeré nínú oṣù yẹn.

Mọ́tò náà ò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ mi. Owó rẹ̀ lé ní 50,000 dọ́là, oṣooṣù ni mo sì ń san án. Kò pẹ́ tí mo gbé e délé tí iná rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Mo lè tẹ bọ́tìnnì láàárọ̀ kó má dáhùn, kó tún wá dáhùn lọ́sàn-án bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ojú gíláàsì àárín dáṣíbọ́ọ̀dù lè ṣú, kámẹ́rà ẹ̀yìn á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń gbé e padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi. Wọ́n á so kọ̀ǹpútà wọn mọ́ ọn, wọ́n á ní àwọn ò rí àléébù kankan. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Lẹ́yìn bátìrì, wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi iye fóltì tó ń dé ibi tó yẹ kó dé, ohun tó sì bí mi nínú jù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ṣẹ́ rẹ̀wáyà ní Mushin, lẹ́bàá ọjà Ládípọ̀, kí wọ́n tó wá sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń tún ṣe ní Houston báyìí, àmọ́ mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kì í kúrò nínú àpò irinṣẹ́, àpò náà kì í sì í gbélé bí wọn ò bá sí nílé.

A ti kọjá Conroe dáadáa kí iná àkọ́kọ́ tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: ó ní kí n lọ wo ohun tó ń rọ iná sí bátìrì. N kò tíì kà á tán tí ti búrèkì fi yọ, tí ti ọwọ́ ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọkọ̀ náà sì wúwo lóòótọ́. Eré 70 máìlì ní wákàtí kan la wà, tírélà ńlá wà lápá ọ̀tún wa. Rédíò dákẹ́, atẹ́gùn tútù di gbígbóná. Mo rí ère Sam Houston níwájú, funfun báláú, tó ga ní 67 ẹsẹ̀ bàtà, tó yọ lókè àwọn igi, mo sì mọ̀ pé Huntsville kò jìnnà mọ́.

“Fara balẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Jẹ́ kí tírélà yẹn kọjá. Rọra bọ́ sápá ọ̀tún.”

A bọ́ sí ilé epo kan ní Huntsville. Mo fẹ́ pa á, wọ́n dá mi lọ́wọ́ kọ́.

“Má pa á o! Bí o bá pa á, ó lè má dáhùn mọ́, a ò sì ní rí ohun tó ń ṣe é. Tan iná iwájú. Ṣí fáànù dópin.”

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ẹnu mítà méjèèjì kan orí bátìrì: 14.2. Iye tó yẹ kí mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ ní nìyẹn. Kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe alternator. Wọ́n wá fi ẹnu kan sílẹ̀ lórí ojú odì (negative) bátìrì, wọ́n fi èkejì kan irin ara mọ́tò níbi tí kò sí ọ̀dà. Ibẹ̀ ló yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan. Bó bá kọjá 0.2 fóltì, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. 1.4 ló gbé jáde. Ẹ̀gbọ́n mi dì í mú kí n lè rí i dáadáa. “Ẹ́àtì ẹ ò mú,” ni wọ́n wí.

Iná tó bá kúrò lójú positive bátìrì, tó ṣiṣẹ́ tán, irin ara mọ́tò ló ń gbà padà sójú odì. Ọ̀nà àbọ̀ yẹn ni àwọn rẹ̀wáyà ń pè ní ẹ́àtì. Bí ọ̀nà náà bá há, kò sí ohun tó máa rí iná tó bó ti yẹ, ì báà jẹ́ bátìrì tuntun mẹ́wàá lo fi síbẹ̀.

Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn tó tà á ò ní sọ pé a ti fọwọ́ kàn án?”

“Fọ́tò ni kí o máa yà. Ya mítà, ya nọ́ọ̀tì kí n tó tú u.”

Mo ya gbogbo rẹ̀. Òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 sì wà nílẹ̀ yìí: ilé iṣẹ́ ò lè torí pé ẹlòmíràn tún mọ́tò ṣe nìkan fagi lé àdéhùn àtúnṣe, àfi kó fi hàn pé àtúnṣe yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

Wọ́n wá ní kí n pa á. Wọ́n fi sípánà 10 tú ojú odì bátìrì lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sì tọ wáyà dúdú náà dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara mọ́tò. Nígbà tí nọ́ọ̀tì bọ́, ẹnu yà mí. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì ń dán gbinrin lábẹ́ orí wáyà náà. Wọn ò ha á kí wọ́n tó dè é. Etí kan ṣoṣo ni irin ti ń kan irin, etí yẹn sì ti jó dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi fi sánpépà ha á títí irin fi funfun, wọ́n dè é padà, wọ́n mì í, kò yẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó dáhùn. Mítà padà sí 0.05. Àwọn iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà la bá dé Madisonville, la bá dé Corsicana. Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí àwọn ń ṣe Peugeot 504, iná kọ̀ọ̀kan ló ní wáyà tirẹ̀. Wáyà iná ẹ̀yìn bàjẹ́, iná ẹ̀yìn nìkan ló kú. Ti ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. CAN ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló gbé e jáde ní 1986. Bí fóltì bá lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn á já, oníkálukú á máa ké pé òun ò gbúròó ẹnìkejì. Ìdí nìyẹn tí iná mẹ́ta mẹ́rin fi ń tàn pa pọ̀ nítorí nọ́ọ̀tì kan.

Wọ́n tún kọ́ mi ní ohun kan tó ń pa bátìrì mọ́tò tuntun. Bí o bá pa mọ́tò, àwọn kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ sùn. Bí gbogbo wọn bá sùn, ohun tí wọ́n ń fà kì í sábà kọjá 50 mílíáńpù. Àmọ́ bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò sùn, tó ń fa áńpù 1, áńpù-wákàtí 24 ló lọ lóòjọ́. Bátìrì áńpù-wákàtí 70 á ti gbẹ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ẹni tó fi mọ́tò sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, tó rìnrìn àjò lọ, á bá a ní òkú.

A dé Dallas kí wọ́n tó kó ọmọ jáde. Ẹran ò bàjẹ́. Ọmọ gba orúkọ, a jẹ, a mu, a jó.

Nígbà tí mo padà sí Houston, mo kó àwọn fọ́tò lọ bá àwọn tó ta mọ́tò. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu mi. Wọ́n pààrọ̀ wáyà náà, wọ́n ha ibi ìdè, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fi ẹjọ́ náà sun NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú pópó, torí ọwọ́ ọkọ̀ tó ń wúwo lójijì lórí márosẹ̀ lè pààyàn. Nínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ̀ bí àléébù kan bá wà lára ọ̀pọ̀ mọ́tò. Bí ilé iṣẹ́ bá pe mọ́tò padà nítorí ààbò, ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ lè fi nọ́ńbà VIN, tó jẹ́ ohun kíkọ 17, wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ náà. Ní Texas, òfin Lemon Law tún wà fún mọ́tò tuntun tí àléébù rẹ̀ ò tán. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó ti lo àpapọ̀ ọjọ́ 30 lọ́dọ̀ àwọn alátùn-únṣe láàárín oṣù 24 tàbí 24,000 máìlì àkọ́kọ́, láìfún ọ ní mọ́tò mìíràn lò. Ìwé lẹ́ ẹ máa fi jà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní píkọ́ọ̀pù tuntun tí iná rẹ̀ ń ṣe bákan bàkan, ẹ má gba “a ò rí nǹkan kan” lẹ́nu wọn. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ́àtì rẹ̀ pẹ̀lú iná títàn, kí wọ́n sì kọ iye fóltì tí wọ́n rí sínú ìwé kí wọ́n tó pààrọ̀ ohunkóhun.