Sinimá Wo Ló Pani Lẹ́rìn-ín Jù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la mú wá.

Warri, ìlú tí wọ́n bí Ali Baba aláwàdà sí, ni wọ́n ti tọ́ àwa ọmọ ìyá mẹ́ta dàgbà. Pijin là ń sọ níta, òun náà là ń sọ nílé. Nígbà ìsinmi kan, a ní kí a to àwọn sinimá apanilẹ́rìn-ín ọ̀rúndún ogún sí ipò. Ní ìlú tí wọ́n ti ń pariwo pé "Warri no dey carry last", ẹ mọ̀ pé àríyànjiyàn á pọ̀.

A fi Coming to America (1988) ṣe ìkíní, nítorí Eddie Murphy, ọmọ ọba tí wọ́n ń wẹ̀ fún láàfin, tó wá ń nulẹ̀ nílé oúnjẹ kan ní New York. Modern Times (1936) ṣe ìkejì: ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fún Charlie Chaplin lóúnjẹ ló ń gbá a lẹ́nu.

Bàbá wa ní, "Baba Sàlá ńkọ́?" Wọ́n fi Ọ̀run Móoru hàn wá, èyí tí Ọlá Balógun darí, tó jáde ní 1982. Ọkùnrin kan ni oníjìbìtì tàn jẹ nítorí owó òjijì; ó dé ọ̀run, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ní tiwa, aṣọ àti dígí ojú Baba Sàlá nìkan ló pa wá lẹ́rìn-ín. Bó bá ti lanu sọ̀rọ̀, à ń wo ara wa. A fi í ṣe ìkẹta, ìyẹn ìkẹyìn.

Bàbá dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ̀bi mi ni. N kò fi èdè náà lé yín lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń dá sinimá náà dúró, tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé àwọn olè da sinimá náà kọ, wọ́n ń tà á, tí gbèsè fi wọ Moses Ọláìyá, tí í ṣe Baba Sàlá, lọ́rùn. Ẹni tó fi jìbìtì ṣeré fún wa, wọ́n lu òun náà ní jìbìtì.

Ní ọjọ́ kẹta, a bú sẹ́rìn-ín níbì kan kí Bàbá tó túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n wò wá, wọn kò sọ nǹkan kan.

Eddie Murphy ṣì wà nípò kìíní o. A kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Chaplin ti bọ́ sí ìkẹta. Ẹ̀rín tirẹ̀ kò béèrè èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; ti Baba Sàlá béèrè. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ sí ìdálẹ̀ bíi tiwa, ẹ má fi sinimá Yorùbá ṣe ìkẹyìn kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ìdí tí a fi wọ ẹgbẹ́ yìí nìyẹn.