Ta Ni Yóò Dá Ẹ̀rọ Lẹ́jọ́?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà la gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má sá, ọ̀rọ̀ èdè ló máa já sí.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ máàkì iṣẹ́, ìdáhùn tó tọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò: wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á fi èsì rẹ̀ wé èyí tí wọ́n ti mọ̀. Bí kò bá wá sí ẹni tó mọ ìdáhùn ńkọ́? Oracle ni wọ́n ń pe ẹni tó mọ ìdáhùn yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á: wọ́n ń wá babaláwo, wọn ò rí!

Ní 1998, T. Y. Chen, S. C. Cheung àti S. M. Yiu gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní metamorphic testing. Má wulẹ̀ wá ìdáhùn. Bi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, yí ìbéèrè kejì padà díẹ̀, kí o wò ó bóyá èsì méjèèjì bára mu bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi Èsìẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní 800, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fọ́. Mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ká ní ẹnìkan ṣe ètò tó ń ka ère inú fọ́tò. Orí wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀: ta ló máa sọ iye tó pé? Ṣùgbọ́n bí a bá yí fọ́tò náà padà bíi ti inú dígí, iye kò gbọdọ̀ yí. Bí a bá bo apá kan rẹ̀, iye kò gbọdọ̀ lé sí i. Bó bá lé, ẹ̀rọ ti ṣìnà, bí a kò tilẹ̀ mọ iye ère.

Èyí tó kàn wá nìyí. À ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Òmù-Àrán fún iṣẹ́ àṣekágbá wa. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ kan ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán gbinrin. Ṣé ó tọ̀nà? Ẹnikẹ́ni kò tíì túmọ̀ àwọn ìtàn náà rí tí a ó fi wé e, ojú ewé wọn sì pọ̀ ju agbára wa lọ. Gbólóhùn kan sọ nípa ẹni tó ru iṣu láti Òmù-Àrán lọ sọ́jà. A fi Èsìẹ́ rọ́pò Òmù-Àrán, a kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Orúkọ ìlú nìkan ló yẹ kó yí. Àfi bí iṣu ṣe pòórá nínú èsì kejì! A kò nílò ìtumọ̀ tó péye kí a tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú méjèèjì lábùkù. A tún dán àmì ohùn wò: "ó ra ọkọ́", "ó ra ọkọ̀". Mọ́tò ni ẹ̀rọ rà nígbà méjèèjì.

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ o. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ bákan náà nígbà gbogbo kò ní takora. Bí ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà kan bá jọ ti Yorùbá àjùmọ̀lò, tí ìtumọ̀ wọn sì yàtọ̀, ó lè máa ṣì í láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìfura. Ibẹ̀ la ti ń padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ ní lọ́kàn níbí?" Àwọn tó lè dáhùn ń dàgbà lọ. Bí wọn ò bá sí mọ́, ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń bọ̀ máa gbà gbọ́, iṣu tó pòórá á sì di iṣu tí kò sí rí.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ìjẹ̀bú, Èkìtì tàbí Oǹdó, ẹ mú gbólóhùn 10 péré, ẹ yí orúkọ ìlú inú wọn padà. Ẹ sọ ohun tó bá pòórá fún wa.