A Gun Kẹ̀kẹ́ láti Jos dé Bukuru

Àwa méje nínú ẹgbẹ́, àgbà mẹ́ta àti ọ̀dọ́ mẹ́rin, gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Bukuru ní Sátidé kan nígbà ọyẹ́. Kì í ṣe pé a kò rí mọ́tò wọ̀. A fẹ́ najú, a sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ilẹ̀ tí a bí wọn sí.

Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí máìlì 10 lọ. Nígbà tí a dé Rayfield, a fi títì ọlọ́dà sílẹ̀ fún àwọn onímọ́tò, a sì bọ́ sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba àárín oko. Ọrọ́ ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí àwọn oko náà ká, ó sì ga ju orí ènìyàn lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000 ga ju òkun lọ. Oòrùn ń ràn, síbẹ̀ atẹ́gùn ń ta ni létí.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà ni wọ́n ti gbẹ́ nítorí tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza. Òun ni ó mú rélùwéè kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914. Àárín irin rẹ̀ méjèèjì kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íńṣì 6 lọ. Wọ́n pa á tì ní 1957. Láàrin 1942 sí 1944, nígbà ogun Hitler, ìjọba fi ipá kó ènìyàn bí 100,000 wá ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà. Ọ̀pọ̀ kòtò tí wọ́n gbẹ́ ni a kò dí. Òjò ti sọ wọ́n di adágún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi wọn sí oko pòtétò, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì.

Àwa nìkan kọ́ ni a wà lórí kẹ̀kẹ́. A pàdé ọkùnrin kan tí ó di igi ìdáná sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí igi nìkan ni à ń rí bí ó ti kọjá lọ. A pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń bára wọn sáré. “Sannunku!” ni gbogbo wọn fi kí wa, àwa náà sì dá wọn lóhùn.

Nítòsí Zawan ni ẹ̀gún gún táyà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa. Àgbẹ̀ Berom kan tí ó di àpò kábéèjì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó mú àlẹ̀mọ́ àti sólúṣọ̀n jáde. Kò pẹ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin Hausa méjì dé. Àwọn ni wọ́n ní pọ́ǹpù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìjà oṣù Kẹsàn-án 2001, àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, ti ya aládùúgbò nípá ní Jos, yóò mọ ìdí tí a fi ń ròyìn èyí. Ẹni kan ń lẹ táyà, ẹnì kejì ń fọn ọ́n, ọmọ Yorùbá ni ó sì ni kẹ̀kẹ́. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Bí àwọn ọmọ ti fẹ́ lọ bọ́jú ní adágún, àgbẹ̀ náà kígbe pè wọ́n padà. Ó fi Hausa sọ fún wọn pé omi yìí kò ní etí. Bí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ilẹ̀ ti tán. Ó ní ọmọ aládùúgbò òun lọ wẹ̀ níbẹ̀, kò sì padà sílé. A dákẹ́ títí a fi dé Bukuru.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín nípa omi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ há wọn mọ́lé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, ìhín ni ilé, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ojú ọ̀nà rẹ̀ àti àwọn tí ń rìn ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ nígbà mìíràn, kí ó sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Kóòtù, omi mímu àti pọ́ǹpù ni ẹrù ọ̀nà.