Òṣùká Onígìtá

Ẹni tí ó bá jókòó sídìí tábìlì níbi àríyá, tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, kì í sábà wo ẹni tí ń ta báàsì. Olórin ni ojú rẹ̀ máa ń wà lára, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa wà nínú àpò, tí ó ń wá owó tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Onígángan pàápàá ní olùfẹ́, nítorí pé ó mọ oríkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró sẹ́yìn, tí ohùn gìtá rẹ̀ ń kùn ní ìsàlẹ̀ bí ààrá tí ó jìnnà, òun ni ó gbé gbogbo orin náà ró. Bí ó bá dákẹ́, àwọn oníjó yóò kọsẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú wọn wà ní Ìbàdàn, tí ó ti ń ta báàsì nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú láti ìgbà èwe rẹ̀. Ogún ni gìtá tí ó ń lò. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ó fi í lé e lọ́wọ́ nígbà tí ogbó dé sí i. Igi ash ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, igi òyìnbó tí ó le tí ó sì wúwo. Ní ọjọ́ kan tí ó gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n alápatà, kílò 5 géérégé ni ó wọ̀n. Kílò 5 kì í ṣe ẹrù lójú ẹni tí ń ru àpò sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ǹtì kì í pẹ́ lórí ẹni kí a tó sọ̀ ọ́. Gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àríyá bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo 9 alẹ́, ó di ìgbà tí àkùkọ bá kọ kí ó tó kúrò ní èjìká òsì, lórí okùn awọ kan tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà yóò fi pé ẹni àádọ́ta ọdún, èjìká òsì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju ọ̀tún lọ, ìka rẹ̀ méjì a sì máa ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó bá ti òde dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìrọ̀rùn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe irú gìtá yìí. Kí ó tó dé, báàsì tí àwọn òyìnbó ń ta jẹ́ ohun gàgàrà tí ń dúró nílẹ̀, tí kì í sì í wọ mọ́tò bọ̀rọ̀. Ní 1951, Leo Fender, ẹni tí ń ṣe gìtá ní ìlú Fullerton ní Kalifọ́níà, mú báàsì oníná kan jáde tí ènìyàn lè gbé kọ́ èjìká, ó sì pè é ní Precision Bass. Àwọn onígìtá yọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò tètè rí ni pé ilẹ̀ ni ó ń gbé báàsì àtijọ́, bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Ènìyàn ni ó ń gbé ti tuntun.

Igi ni olórí ọ̀rọ̀ náà. Ash tí ó hù ní àkùrọ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, tí omi ń bo ìdí rẹ̀, a máa fúyẹ́; èyí tí ó hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ a máa le bí egungun. Ti àkùrọ̀ ni àwọn onígìtá ń wá kiri. Ṣùgbọ́n kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí ó ti Éṣíà wá, tí wọ́n rí ní ìpínlẹ̀ Michigan ní 2002, ti pa igi ash lọ súà, tí ó fi jẹ́ pé ní 2020 ilé iṣẹ́ Fender kéde pé àwọn yóò dín lílò rẹ̀ kù gidigidi. Nínú igbó Oǹdó, arère ń hù, tí kò wúwo tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ash líle. Àwọn aṣegìtá kan ní òkè òkun ń lò ó, obeche ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ń ra gìtá tuntun lè yan igi tí ó wù ú. Ẹni tí ó jogún gìtá kò lè yan.

Káfíńtà kan ní ọjà pákó Bódìjà ni ọkùnrin náà gbé tirẹ̀ lọ bá. Bàbá arúgbó ni, agbẹ́lù sì ni baba tí ó bí i. Ó fi ìka kan ara gìtá náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, ta ní ń gbé odindi igi kọ́rùn? Igi ọmọ̀ tí a fi ń ṣe ìlù, ṣé a kì í gbẹ́ inú rẹ̀ jáde ni?”

“Bàbá, ohùn rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ tán tí ohùn ọ̀gá mi bá lọ ńkọ́?”

“Kí ní ń gbọ́ ohùn okùn náà?”

“Irin òòfà ni, bàbá.”

“Ṣé irin náà yóò mọ̀ pé mo gbẹ́ igi?”

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá. Nínú gìtá oníná, òòfà tí a fi wáyà tín-ín-rín wé ni ó wà lábẹ́ àwọn okùn irin. Bí okùn bá ń gbọ̀n, iná kékeré yóò dìde nínú wáyà náà, ẹ̀rọ yóò sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Igi kò ṣe irú iṣẹ́ tí inú ìlù ń ṣe. Bóyá kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan rárá, àwọn onígìtá ti jiyàn lé èyí títí ètè wọn fi bó, kò sì jọ pé wọ́n ti ṣe tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkùnrin náà fi rò ó. Igi tí a bá ti gbẹ́ kò ṣe é dá padà, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kú. Kò sí ẹni tí yóò tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Níkẹyìn ó gbà. Wọ́n tú okùn, wọ́n ṣí ike pẹlẹbẹ tí ó bo iwájú gìtá, bàbá sì gbẹ́ ihò sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò ní tó. Èérún igi kún abọ́. Nígbà tí wọ́n tún gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n, ó di kílò 4.6.

Ní àríyá tí ó tẹ̀lé e, kò tí ì ta orin kejì tán tí ó fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Bí ó bá ti fi ọrùn gìtá sílẹ̀, orí rẹ̀ á dà sílẹ̀ gbìì. Ọwọ́ òsì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa sáré lórí okùn, wá di ọwọ́ tí ń gbé ẹrù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èjìká sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ti wú.

Ẹni tí ó bá ti ru pákó gígùn lé èjìká rí yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá dọ́gba, a lè ju ọwọ́ sílẹ̀ kí a máa rìn lọ. Bí a bá gé díẹ̀ kúrò lẹ́yìn, pákó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú yóò máa wá ilẹ̀. Ara gìtá ni ẹ̀yìn pákó yìí. Orí rẹ̀, níbi tí irin mẹ́rin tí a fi ń lọ́ okùn wà, ni iwájú. Ohun kékeré tí ó wà ní ìpẹ̀kun lè fà ju ohun ńlá tí ó wà nítòsí lọ. Ìdí nìyí tí Ned Steinberger, ará Amẹ́ríkà, fi ṣe báàsì tí kò lórí rárá ní nǹkan bí 1980, tí ó kó irin tí a fi ń lọ́ okùn lọ sí ìdí gìtá. Àwọn kan rò pé oge ni.

Kò sí ẹni tí yóò gé orí gìtá ogún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó bá a ra irin tuntun tí ó fúyẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 gíráàmù. Tuntun jẹ́ bí 250. Ohun tí ó kúrò kò tó ẹyin adìyẹ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dè wọ́n mọ́ ọn tí ó ju ọwọ́ sílẹ̀, orí gìtá mì díẹ̀, ó sì dúró.

Ìyàwó rẹ̀, tí ń ta iṣu, ni ó wá wo okùn awọ tín-ín-rín náà tí ó béèrè pé, “Baálé mi, ta ní ń ru ẹrù láìlo òṣùká?” Òṣùká kì í dín ẹrù kù, ó kàn ń pín in ká orí ni. Oníbàtà kan rán okùn mìíràn fún un, tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti àtijọ́, tí ó sì ní tìmùtìmù nínú. Èyí nìkan ṣe èjìká náà lóore ju gbogbo èérún igi tí ó kún abọ́ lọ, ó sì yẹ kí ó ti ṣe é ṣáájú kí ó tó gbé gìtá lọ sí Bódìjà.

Ohùn ńkọ́? Onígángan, tí etí rẹ̀ mú jù nínú ẹgbẹ́ náà, kò mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan gìtá rárá.

Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òde kan, ọmọdékùnrin tí ń bá wọn kó ẹrù gbé e nílẹ̀, ó fi apá wọ̀n ọ́n wò. Kílò 4.45, ohun tí ó ti dín kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ.

“Bàbá, ó ṣì wúwo o.”

“Gbé e sínú ọkọ̀, ọmọ mi,” ni ọkùnrin náà wí. Ó ń ṣí ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì ń pa á dé, ó ń ka àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.