Ọmọ ibo ni rẹfirí?

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ọmọ iléèwé Ìkìrun bá pàdé ti Òkukù nídìí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ohun tí òǹwòran kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Ọmọ ibo ni rẹfirí?" Bó bá jẹ́ ọmọ Ìnísà, ará Ìkìrun á ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn kan náà ni Ìnísà àti Òkukù wà. Kò tíì fun fèrè tí wọ́n ti dá a lẹ́bi!

Ìfura yìí ò lè tán bó bá jẹ́ kọ̀rọ̀ la ti ń yan rẹfirí. Kì í sì í ṣe ìlú nìkan ni wọ́n fi ń fura sí rẹfirí, wọ́n ń fi jíjẹ́ obìnrin náà ṣe é. Lọ́dún 1997 ni NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó gba obìnrin síṣẹ́ rẹfirí: Violet Palmer, aláwọ̀ dúdú, àti Dee Kantner, aláwọ̀ funfun. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tako ìgbésẹ̀ náà ní gbangba, síbẹ̀ Palmer ṣiṣẹ́ náà títí di 2016. Abala 14 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ka onírúurú èèyàn sí bí wọ́n bá ń yan ni sípò.

Ẹ̀yin alákòóso eré ìdárayá l'Ọ́ṣun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kéde ìdánwò rẹfirí fún gbogbo ìlú, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ lẹ máàkì wọn mọ́ ògiri. Ẹni tó bá yege ni kó fun fèrè, ibi yòówù kó ti wá.